Sóbò Ọ̀sán Gangan

Ta ni yóò kọ́ èmi ọmọ Òṣogbo ní ọ̀rọ̀ ààwẹ̀? Áńgílíkà ni ìyá mi, Àlàájà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oúnjẹ ìṣínu tí mo ti jẹ láyé mi pọ̀ ju ti ẹlòmíràn tó ń gbààwẹ̀ gan-an lọ.

Lọ́dún 2025, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú Eléérú, àwa náà ti wọ Lẹ́ńtì. Ní Dàda Estate, ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń jẹun lọ́sàn-án.

Háúsá kan tí a ń pè ní Màálàmù ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà wa. Á gbé kọ́ọ̀pù kan sókè, á da tíì sí èkejì nísàlẹ̀, ẹ̀kán kan ò ní ta sílẹ̀. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò kì í ṣe oníbàárà lásán. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kánò kọ́ mi ní kíkí ẹni tó bá ṣínu: “Barka da shan ruwa.” Ó sọ àsìkò rẹ̀ o. Etí mi ló di.

Mo se ìṣápá pupa pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù láti fi ṣe sóbò, mo bu omi ọ̀pẹ̀yìnbó àti ṣúgà sí i, mo jẹ́ kó tutù nini. Ago méjì ọ̀sán ni mo gbé e dé ìsọ̀ Màálàmù.

“Barka da shan ruwa!” Mo ṣí ìgò kan, mo kọ́kọ́ mu kó má baà rò pé májèlé ni, mo na ìyókù sí i. Omi ń kán tó, tó lára ìgò.

Màálàmù wo ìgò, ó wo òrùn, ó wá wo iwájú orí mi. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣebí mo rí eérú níwájú orí yín lọ́jọ́rú? Ẹ̀yin ti ṣínu tiyín ni?”

Èmi tí mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nǹkan ò ní kàn mí lẹ́nu kí ago mẹ́fà tó lù!

Mo ní màá tún un ṣe. Mo fi ìgò kejì sínú fíríìjì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àmọ́ iná ti lọ láti òru. Ṣúgà àti omi ọ̀pẹ̀yìnbó nínú ooru oṣù kẹta, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa dà. Nígbà tí mo gbé e dé ìsọ̀ Màálàmù, wọ́n ti tẹ́ ẹní, dàbínù àti kúnú ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe ìrun báyìí ni mo ṣí ìdérí. Gbàù! Jàlàbíà funfun Màálàmù pọ́n láti ọrùn dé orúnkún.

Àlàájà kan tó wá ra tíì fa imú. “Bàbá Ìbejì, ọtí lẹ gbé wá síbi ìṣínu?”

Mo ní dandan, èmi ni màá fọ jàlàbíà náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí ọṣẹ bá kan sóbò, pupa rẹ̀ á di búlúù. Nígbà tí mo gbé aṣọ padà, Màálàmù tú u wò síwá sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, mo gbọ́ pé aláró lẹ̀yin ará Òṣogbo. Ta ló ní kí ẹ rẹ tèmi?”