Oríkì Agbọ̀n Alájà Méje

A-gbé-e-tì, ọmọ ahunagbọ̀n!
Ìwọ tó jókòó rẹ̀gẹ̀jì sẹ́bàá títì ní Newark, ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, mo júbà.
Agbọ̀n tí kò sí òṣùká rẹ̀ lọ́jà.
Ọlọ́wọ́ méjì tí ọwọ́ ẹ̀dá kò tó.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé tòmátì, ìwọ gbé akọ̀wé.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ sọ́jà, ìwọ ní kí ọjà máa bọ̀ wá bá ọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kì í dé ìdílé, nítorí kì í ṣe agbọ̀n tí kò ní baba. Ìlú Dresden, ní Ohio kan náà, ni baba Dave Longaberger, ọkùnrin tó kọ́ ọ, ti ń hun agbọ̀n. Dave ń kólòlò, wárápá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìwé kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àfi ìgbà tó dé ìdí òwò! Ó sọ agbọ̀n igi maple tí baba rẹ̀ ń hun di ohun tí àwọn obìnrin ń tìtorí rẹ̀ pe ara wọn jọ sí pálọ̀, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a sì ra agbọ̀n lọ sílé. Nígbà tó fẹ́ kọ́ olú ilé iṣẹ́ agbọ̀n rẹ̀, wọ́n ní ṣe ló gbé agbọ̀n ọjà kan ka iwájú àwọn ayàwòrán ilé: bí èyí gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po 160. Ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ, wọ́n sì kó wọnú rẹ̀ ní 1997.

Agbọ̀n tí a kò hun!
Irin ni egungun rẹ, pílásítà ni awọ rẹ, ọ̀dà ló ń bá ọ purọ́ pé igi ni ọ́.
Nínú gbogbo agbọ̀n ilé ahunagbọ̀n, ìwọ nìkan ni ọwọ́ ahunagbọ̀n kò kàn.
Wọ́n ní agbọ̀n kì í gbomi. Ìwọ lómi ẹ̀rọ, o sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Ta ló tún rí agbọ̀n tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí?

Ọwọ́ rẹ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn tọ́ọ̀nù 150. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ, bí òtútù bá dé, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń mú wọn gbóná, kí yìnyín má baà dì mọ́ wọn, kó wá já lu gíláàsì òrùlé. Mo ti gbọ́ ti ọba tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́. Agbọ̀n tí wọ́n ń yáná fún, orí rẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ká má tan ara wa, mo fẹ́ràn agídí Dave. Bí páálí ni ilé ọ́fíìsì yòókù láyé ṣe rí, kò sì sẹ́ni tó máa ń kì páálí.

Dave kú ní 1999, kò rí ọdún 2000 tí ọjà ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Kò sì rí ìgbà tí àwọn èèyàn ṣíwọ́ agbọ̀n rírà. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ tó kẹ́yìn jáde nínú rẹ. Nígbà tó di 2018, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé.
Agbọ̀n tó gba òṣìṣẹ́ bí 500, tí owó orí ilé kò rí àyè wọ̀ níbẹ̀.
Agbọ̀n tí wọ́n ní yóò di hótẹ́ẹ̀lì, tí àlejò kò tíì sùn.
Agbọ̀n tó kọ̀ tí kò lọ sọ́jà, òun náà ni wọ́n wá gbé sọ́jà.

Ó tó, ọ̀fun ń dùn mí. Wọ́n ní ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Tìrẹ méjèèjì ti wà lókè téńté láti 1997. Ó ṣe wá jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan ò tíì já bọ́ fún akígbe?