Òkú Tó Ń Wo Kámẹ́rà

Ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò wa fi mí ṣe ẹ̀ṣọ́ ààfin, wọ́n tún ní kí n máa ya fọ́tò. Ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ mi, kámẹ́rà wà lábẹ́ dàńdógó. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ò kúkú le: kí n dúró, kí n má sọ̀rọ̀.

Àwọn yòókù ni wàhálà. Kábíyèsí wa, tó jẹ́ télọ̀ lójoojúmọ́, kọ̀ láti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn àna òun ló fi ta òun lọ́rẹ, wọ́n sì wà níjòókòó iwájú. Bí ìjòyè bá ti rí kámẹ́rà, á dá ọ̀rọ̀ dúró, á tún fìlà ṣe. Jagunjagun tí wọ́n ti pa tipẹ́ lajú: “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti yà mí? Ẹ jẹ́ kí n kọjú síbí.” Ká tó wí, ìyá rẹ̀ ti gun orí ìtàgé, ó ń lẹ owó mọ́ òkú níwájú orí.

Láyé ìwé ìròyìn Atọ́ka, láwọn ọdún 1970, fọ́tò àwọn òṣèré ni wọ́n fi ń sọ ìtàn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á sì wà lára àwòrán. Mi ò rántí òkú kankan tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà làwọn yẹn ń ṣeré fún, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni nítòsí.

Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òkú dìde kẹ́ ẹ tó náwó fún un. Owó fọ́tò ò sì sí nínú owó ìwọlé o.