Ẹ Yé Tún Ilé Onílé Ṣe: Ìkìlọ̀ Àgbà fún Àwọn Ilé Orin Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa fóònù yín, kí ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí wúwo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, orí ìdúró ni yóò ti gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ ilé orin ni.

Ní Ìlú Ọba, ìjọba ń fún àwọn tó ń ṣe ilé orin kéékèèké lówó ìrànwọ́, kí wọ́n lè fi tún ibẹ̀ ṣe. Mi ò ní kí wọ́n má gbà á o. Àgbà tó bá ní kí ẹ má gba owó ìjọba, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ti fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ bèèrè ẹni tó ni ògiri.

Ẹni tí kò bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n mú un wọlé. A ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró kan. Bàtà yóò máa lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, nítorí bíà tó ti ń dà sí i kí wọ́n tó bí ẹlòmíràn nínú yín. Pèpéle ò ga kọjá orúnkún. Onílù ti fẹ̀yìn ti ògiri, ìgbọ̀nwọ́ onígìtá sì ń gún un níhà. Téèpù dúdú ni wọ́n fi di ọrùn makirofóònù. Ilẹ̀kùn tọ́ilẹ́ẹ̀tì ò ní ìkọ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ní láti máa kọrin kí ẹni tó ń bọ̀ má baà ṣí i. Nígbà mìíràn, orin ibẹ̀ yẹn ló dùn jù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má fojú tín-ín-rín wò ó. Ní Moles, ilé orin kan ní ìlú Bath, ni àwọn ẹgbẹ́ olórin Oasis àti Radiohead ti kọrin kí òkìkí wọn tó kàn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ilé orin Abalabi ní Soho, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti ń lùlù ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn òyìnbó onijáàsì ń yọ́ wá kọ́gbọ́n lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí owó. Lọ́dún 2019, Arts Council England, àjọ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà, ya owó sọ́tọ̀ fún irú àwọn ilé wọ̀nyí. Nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn pa lọ́dún 2020, ìjọba kó £1.57 bílíọ̀nù sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà lápapọ̀, àwọn ilé orin sì rí tiwọn gbà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n tún kéde £5 mílíọ̀nù fún àwọn kéékèèké, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi tún ilé ṣe. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A dúpẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó ń mú àgbà mi orí. Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, Music Venue Trust, ẹgbẹ́ tó ń jà fún irú àwọn ilé orin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014, ka ilé orin 125 tó kógbá sílé tàbí tó pa orin tì. Lápapọ̀, èrè àwọn tó kù lọ́dún náà kò ju ìdajì pọ́n-ùn kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tó wọlé. Moles tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti ilẹ̀kùn ní oṣù kejìlá ọdún náà, lẹ́yìn ọdún 45. Kì í ṣe àìkunlé ló pa á. Owó ilé, owó iná àti ọjà tó gbówó lórí ni.

Owó ilé! Ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ayálégbé lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọkùnrin kan á jókòó ti fọ́ọ̀mù títí ojú á fi pọ́n ọn. Owó á jáde. Á tún òrùlé ṣe, á dí ògiri kí ariwo má jáde, á fi ìkọ́ sí ilẹ̀kùn tọ́ilẹ́ẹ̀tì. Onílé á wá bẹ̀ ẹ́ wò, á rìn yíká, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n: “Háà, ilé mi mà ti wá níyì o!” Bí àkókò àti tún ìwé àdéhùn ilé ṣe bá tó, owó ilé á fò sókè, tàbí kó ta ilé fún àwọn tó ń kọ́ fúláàtì. Owó ìjọba wọ àpò ayálégbé láàárọ̀, ó lọ sùn sí àpò onílé lálẹ́. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́gírẹ́gí lohun ẹni ń bá ni mu.

Ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò náà ń bẹ. Láti ọdún 1991 ni Night & Day ti ń kọrin ní Manchester. Lọ́dún 2021, kánsù fi ìwé ariwo lé wọn lọ́wọ́ nítorí ẹjọ́ ẹni tó kó dé àdúgbò nígbà tí Kòrónà pa ìlù mọ́ wọn lẹ́nu. Ìlànà ìkọ́lé tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2018 ní England sọ pé ẹni tó bá kọ́lé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé orin ni kó gbé ẹrù ariwo. Ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo fúláàtì.

Oògùn wà. Àwọn ará ìlú ra ìpín nínú Music Venue Properties, ẹgbẹ́ tó ń ra ilé tí àwọn ilé orin wà, wọ́n sì fi owó náà ra ilé tí ilé orin The Snug wà ní Atherton ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ra ti The Ferret ní Preston. Onílé tí kò ní lé onílù nítorí fúláàtì nìyẹn.

Ẹ̀yin náà kò mọ́ o. Lọ́dún 2024, ìjọba fara mọ́ ọn pé kí àwọn gbọ̀ngàn ńlá àti pápá ìṣeré fínnúfẹ́dọ̀ yọ owó díẹ̀, bíi £1, lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn, kó jẹ́ ìrànwọ́ fún àwọn ilé orin kéékèèké, ẹ sì ń kùn. Ẹ san owó gọbọi wo olórin tó jìnnà débi tí kò tó èèrà lójú yín, £1 wá di ìyà!

Ìdájọ́ mi rèé. Ìjọba, bí ẹ bá fún ayálégbé lówó àtúnṣe, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé pé kò ní fowó kún owó ilé, kò sì ní tà á. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ilé. Ẹ̀yin tó ń ṣe ilé orin, ẹ ka ìwé àdéhùn ilé yín kí ẹ tó ka fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wá ilé orin tó súnmọ́ yín jù lọ, kí ẹ sanwó wọlé lópin ọ̀sẹ̀ yìí.