Gálọ́ọ̀nù Mélòó Ló Wà Nínú Gálọ́ọ̀nù Kan?

Ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe Èkìtì, kò sì yẹ kí epo pupa dójú ti ẹnikẹ́ni nínú wa ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Síbẹ̀, ó ń dójú tì wá, pàápàá irú èmi tí ìwé ti wọ̀ lórí. Ọpọlọ wa ní ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà.

Ẹ wo bí àkàbà wọn ṣe rí. Jíìlì 4 ni páìntì kan, páìntì 2 ni kúọ̀tì kan, kúọ̀tì 4 ni gálọ́ọ̀nù kan, gálọ́ọ̀nù 8 sì ni búṣẹ́ẹ̀lì kan. Ẹni tó ń sọ lítà di mìlílítà, òdo mẹ́ta péré ló máa fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ sọ gálọ́ọ̀nù di jíìlì á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 4, lẹ́yìn náà ìlọ́po 2, lẹ́yìn náà ìlọ́po 4, kó tó dé 32. Bó bá fo ìpele kan, ó di ẹlẹ́yà. Abájọ tí wọ́n fi ń fi pàṣán há a sórí àwọn ọmọ iléèwé láyé amúnisìn.

Ó wá ku kí a gbé ọ̀mọ̀wé irú tèmi ka iwájú elépo. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò tí gbogbo ayé ń pè ní gálọ́ọ̀nù wà nílẹ̀. Ká ní 44,000 náírà ni. Ọ̀mọ̀wé rántí pé páìntì 8 ló wà nínú gálọ́ọ̀nù. Ó fa bírò yọ, ó pín in, ó gbójú sókè, ó ní: "Ìyá, páìntì kan á jẹ́ 5,500." Ìyá ò dá a lóhùn. Elépo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló pè, pé kó wá gbọ́. Kẹ́ẹ̀gì yẹn, lítà 25 ni, ìyẹn gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún ààbọ̀, páìntì 44. Ẹgbẹ̀rún kan náírà péré ni páìntì kan. Ìyá ò gbọ́ páìntì rí. Ohun tó mọ̀ ni pé ìgò sẹ̀ǹtílítà 75 á kún lọ́nà 33, ìwọ̀nba díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù tí yóò bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀.

Ibi tó ń bí mi nínú gan-an nìyí. Ní 1824, Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé gálọ́ọ̀nù ni omi tó wọn pọ́ùn 10, ó sì jẹ́ lítà 4.546. Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n di gálọ́ọ̀nù wáìnì ayé Ọbabìnrin Anne mú, lítà 3.785. Áùnsì 20 ni páìntì Gẹ̀ẹ́sì, 16 ni ti Amẹ́ríkà, àmọ́ áùnsì Amẹ́ríkà ló tún tóbi jù! Dúrọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ń pè ní gálọ́ọ̀nù 44, ẹlòmíì ní 55 ni. Àwọn ọlọ́dà tiwa náà wá sọ lítà 4 di gálọ́ọ̀nù.

Ẹnì kan lè ní òfin òṣùwọ̀n ọdún 1974 ti fi lítà rọ́pò gbogbo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ìwé; ẹnu wa ò tíì gbọ́. Ẹlòmíì á ní òṣùwọ̀n ọjà ló burú jù, ṣebí wọ́n ń lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má bàa pọ̀. Òótọ́ ni, èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí kóńgò tí wọ́n lù wọnú, ọwọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló lè fọwọ́ yẹ áùnsì wò?

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó epo, ẹ má bèèrè gálọ́ọ̀nù mọ́. Ẹ bèèrè iye lítà, ẹ sì fi bírò sápò.