Ìbí Kò Ju Ìbí, Àyàfi ní Hogwarts

Àwọn àgbà ní ìbí kò ju ìbí, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Ẹ dárí jì wọ́n, wọn kò dé Hogwarts, ilé-ìwé àwọn oṣó inú ìtàn, rí. Níbẹ̀, ẹrú ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tú òun sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa jẹun wọn lọ.

Ìtàn Harry Potter tí J.K. Rowling kọ ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọdé bí ìfẹ́ ṣe ń borí ìkà. Nínú ìwé kejì, tó jáde ní 1998, Harry, akọni ìtàn náà, fi ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo dọ́gbọ́n gba Dobby, ẹrú tó jẹ́ iwin kékeré elétí gbọọrọ, lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Àṣé ìtìjú olówó burúkú ló dùn mọ́ wa nínú. Ìgbà tó di ìwé kẹrin, a gbọ́ pé irú Dobby lé ní ọgọ́rùn-ún nílé ìdáná Hogwarts, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń dáná, wọn kò gba kọ́bọ̀. Dumbledore, baba onírùngbọ̀n funfun tí gbogbo ayé ń pè ní ọlọ́gbọ́n, ni ọ̀gá ibẹ̀. Ó fẹ́ máa san owó góòlù mẹ́wàá lọ́sẹ̀ fún Dobby. Dobby fúnra rẹ̀ ló ná an wálẹ̀ sí ẹyọ kan, pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ kan lóṣù. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá fa owó, n kò tíì rí èyí tó ń ná owó ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó kọ ìwé ló fọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Hermione, ọ̀rẹ́ Harry, nìkan ló figbe ta. Ó dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn ẹrú náà sílẹ̀, òǹkọ̀wé sì sọ ẹgbẹ́ náà di ẹlẹ́yà. Hagrid, ọ̀rẹ́ wọn tí àánú ẹranko abìjà máa ń ṣe, ní ìwà àìláàánú ni kí a tú wọn sílẹ̀. Winky, iwin bíi Dobby tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, di ọ̀mùtí. Ẹ̀rí wá pé: òmìnira ń ba ẹrú jẹ́! Ọ̀rọ̀ tí àwọn olówó ẹrú ti ń sọ láyé àtijọ́ gan-an nìyẹn.

Àwọn baba tiwa náà ní ẹrú, wọ́n sì tà wọ́n, n kò ní í parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà, tó ń sìn nítorí gbèsè, mọ̀ pé bí gbèsè bá ti tán, ilé yá. Kreacher, iwin mìíràn nínú ìtàn náà, kò jẹ gbèsè kankan. Ńṣe ni Harry jogún rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé.

Nínú ìwé keje, Harry fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè Dobby, kò lo idán. Ó dára. Ogun parí, ìkà ṣubú, ohun tí akọni wa wá ń rò ni bóyá Kreacher lè gbé búrẹ́dì wá fún òun lórí ibùsùn. Bí olówó bá burú, kí ẹrú lọ. Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kí ẹrú wá gbé oúnjẹ.

Ní etíkun Freshwater West ní Wales, níbi tí wọ́n ti ya ikú Dobby sínú fíìmù, àwọn olólùfẹ́ ìtàn náà ń kó ìbọ̀sẹ̀ lọ síbi sàréè rẹ̀. Ní 2022, àjọ National Trust tó ń tọ́jú etíkun náà bẹ̀ wọ́n pé kó tó gẹ́ẹ́, kó má baà ṣe ẹranko etíkun ní jàǹbá. Nínú gbogbo ìbọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, kò sí ẹni tó rántí fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí Kreacher.