Fáànù Daṣẹ́ Sílẹ̀, Gáàsì Ni Wọ́n Ń Rà

AC ọkọ̀ kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó dà nù. Ooru tó bá wà nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń gbà, tó ń gbé gba inú páìpù lọ síwájú ọkọ̀, tó sì ń tú u dà síta níbẹ̀. Gáàsì ni aláàárù tó ń ru ẹrù náà. Nítorí náà, onímọ́tò tí AC ń fẹ́ ooru sí lójú ní títì Ọba Akran ní Ìkẹjà lọ́sàn-án gangan kò gbọdọ̀ máa wá òtútù kiri. Ibi tí ẹrù ooru há sí ni kó wá.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kì í tiẹ̀ ṣe ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe AC fún. Ní 1902, ọ̀rinrin ń ba bébà jẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ni Willis Carrier bá ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bébà ti jayé AC kí ó tó kan ọmọ Ádámọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Packard sì gbé e sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1940, kò sí bọ́tìnì kankan tó lè dá kọ̀mpírẹ́sọ̀ dúró. Ẹni tí òtútù bá mú ní láti pa ẹ́ńjìnì, kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bẹ́líìtì. Ìyà òde òní sàn díẹ̀.

Lónìí, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló ń fún gáàsì pọ̀. Gáàsì tí a fún pọ̀ a máa gbóná, yóò sì gba inú kọ̀ndẹ́ńsà kọjá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó dúró níwájú rédíétọ̀. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gba ooru lára rẹ̀ tí yóò fi di olómi. Olómi yìí yóò gba ihò tín-ín-rín kan, agbára tó fi há mọ́ inú páìpù yóò já wálẹ̀ lójijì, yóò sì tutù nini. Búlówà yóò wá fẹ́ atẹ́gùn gba ara kọ́ìlì tí olómi tútù náà ń gbà kọjá lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù wá sójú èrò, aláàárù yóò sì padà lọ gbé ẹrù míìràn.

Iwájú ọkọ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Corolla, Camry àti Accord tó kún títì Ìkẹjà àti Agége ló ní fáànù méjì níbẹ̀, ọ̀kan fún rédíétọ̀, èkejì fún kọ̀ndẹ́ńsà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan lọ́nà Ìbàdàn, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ fáànù lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Àgídíńgbí bá tú òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tí Agége Motor Road sì di sún kẹrẹ fà kẹrẹ, atẹ́gùn kan ṣoṣo tó ń kọjá níwájú ọkọ̀ ni ti ọmọ tó ń ta pọ́ọ̀ wọ́tà tó ń sáré lé owó rẹ̀. Àsìkò yẹn ni fáànù ń jẹ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Àmì àkọ́kọ́ tó yẹ ní mímọ̀ nìyí: AC tó ń tutù bí ọkọ̀ bá ń sáré, tó ń gbóná bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, kí bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí ni ìdájọ́ ti jáde: "Ọ̀gá, gáàsì ló ti lọ." Wọ́n á fa gáàsì sí i, ọkọ̀ á yọ sí títì, atẹ́gùn á fẹ́ sí kọ̀ndẹ́ńsà, AC á tutù, wọ́n á gbowó. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìdúró Mángòrò tó sì há, ooru á tún dé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bí ibi tí aláàárù yóò sọ ẹrù kalẹ̀ bá dí, kíkó aláàárù púpọ̀ sí i wá kò lè gbé ẹrù kúrò nílé.

Yíyẹ fáànù wò kò gba owó. Kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí AC wà ní títàn pátápátá, kí ẹnì kan sì wo iwájú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìpẹ́ lẹ́yìn tí AC bá tàn. Kí ẹni tó ń wò ó jìnnà díẹ̀, kó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè: nínú ọkọ̀ mìíràn, fáànù lè dédé dìde nígbà tí ẹ́ńjìnì ti kú, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka ọ̀gá àti ti ọmọṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ agbádá kọ́ ni ọjọ́ àyẹ̀wò fáànù.

Bí fáànù kò bá yí, ẹ̀sùn náà ní ìlà tí wọ́n ń tẹ̀lé. Fíúùsì ló kọ́kọ́ ń jẹ́jọ́, nítorí owó rẹ̀ kéré jù, ó sì rọrùn jù láti yọ wò. Rílè ló tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rílè fáànù àti ti ọ̀nù jọra délẹ̀. Bí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu, a lè pààrọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Bí fáànù bá yí tí ọ̀nù sì ya odi, ọ̀daràn ti di mímú. Lẹ́yìn náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi àti ìdọ̀tí ti jẹ. Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá mọ́, rẹ́wáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yóò yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, yóò fa iná bátìrì sí i tààrà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tó bá yí, a jẹ́ pé ara mọ́tò fáànù yá. Wáyà, sẹ́ńsọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni kò pè é síṣẹ́. Tí kò bá yí, mọ́tò rẹ̀ ti kú. Fáànù tí wọ́n ní láti fi igi gbá kí ó tó jí, kábọ́nnù inú rẹ̀ ló ti jẹ tán, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ ti igi mọ́.

Ẹni tó bá lọ ra fáànù tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ní Múṣin, gbọ́dọ̀ ní kí ọlọ́jà fi bátìrì tàn án lójú òun kí owó tó kúrò lápò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n gbé bébà fẹ́lẹ́ kan síwájú kọ̀ndẹ́ńsà. Bébà náà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ó bá fò padà sójú ẹni tó gbé e, wọ́n ti gbé wáyà sódì: fáànù ń yí kíkankíkan, òógùn ń bò ó, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnì ló ń dà lé kọ̀ndẹ́ńsà lórí.

Iṣẹ́ abẹ kan wà tí gbogbo Ìkẹjà mọ̀. "Dáírẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n ń pè é. Bí ọ̀rọ̀ wáyà bá ti rú rẹ́wáyà kan lójú, yóò já fáànù kúrò lábẹ́ àṣẹ kọ̀ǹpútà, yóò so ó mọ́ iná kọ́kọ́rọ́, yóò sì kéde pé ó ti parí. Lóòótọ́, fáànù á yí. Á yí ní àárọ̀, á yí nínú òjò, á yí nígbà tí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n fún òtútù, títí mọ́tò rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ṣáájú àkókò. Èyí tó burú jù ni wáyà tí kò ní fíúùsì: ọjọ́ tí fáànù bá há, wáyà náà ni yóò gbóná tí yóò sì yọ́, iná sì lè sọ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá di dandan kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ lè délé, kí ó ní rílè àti fíúùsì tirẹ̀. Kí wọ́n sì padà wá ìdí àrùn náà, nítorí dáírẹ́ẹ̀tì kì í wo nǹkan kan sàn.

Bí fáànù bá yí dáadáa tí AC kò sì tutù, ó kan kọ̀mpírẹ́sọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá tẹ AC yóò gbọ́ ìró "káá" kan, iwájú kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú bẹ́líìtì. Bí kò bá sí ìró, ó lè jẹ́ fíúùsì, rílè, tàbí wáyà inú kílọ́ọ̀ṣì tó ti jó. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti kéré jù, nítorí sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ka kọ̀mpírẹ́sọ̀ léèwọ̀ kí ó má baà lọ ara rẹ̀ pa láìsí òróró tó ń bá gáàsì rìn. Bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń tàn tó ń kú ṣáá, ó lè jẹ́ gáàsì tó kéré, ó sì lè jẹ́ fáànù tí kò yí, tí gáàsì inú kọ̀ndẹ́ńsà sì ti gbóná débi pé ẹ̀rọ ń gba ara rẹ̀ là.

Ní ti gáàsì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ kì í mu ún bí epo. Inú páìpù tó dé pinpin ló ń yí. Bí ó bá dín kù, ó jò ni. Ẹni tó bá sì ń ra gáàsì lóṣooṣù, afẹ́fẹ́ Agége ló ń fi AC ta lọ́rẹ. Níbi tó ti ń jò, òróró máa ń sun síta kí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Omi ọṣẹ tí a bá fi ra ojú ìsopọ̀ yóò hó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú páìpù kí gáàsì tuntun tó wọlé. Ìwé pélébé kan sábà máa ń wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì tó ń sọ irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ lo R-12, èyí tí àdéhùn Montreal ti 1987 lé kúrò lójú ọjà nítorí pé ó ń ba ósóònù ojú sánmà jẹ́; R-134a ló gba ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun sì ti bọ́ sí R-1234yf. Wọn kì í po àwọn wọ̀nyí pọ̀, gáàsì ìdáná kò sì sí nínú wọn rárá. Sálúùnù púpọ̀ kì í gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 700 lọ. Orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nítorí àjẹjù gáàsì náà ń dá AC dùbúlẹ̀.

Géèjì méjì ni oní-AC fi ń wọn agbára gáàsì inú páìpù ní PSI, búlúù àti pupa. Lọ́sàn-án Èkó, pẹ̀lú R-134a, búlúù sábà máa ń dúró láàárín 30 sí 45, pupa láàárín 200 sí 250. Bí méjèèjì bá wà nílẹ̀, gáàsì kéré. Bí búlúù bá ga tí pupa sì relẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti darúgbó. Bí méjèèjì bá ga fíofío, gáàsì pọ̀ jù, tàbí atẹ́gùn kò kan kọ̀ndẹ́ńsà. Pọ́ọ̀ wọ́tà kan ló ń parí àríyànjiyàn yìí: bí a bá rọra da omi náà sí kọ̀ndẹ́ńsà, tí abẹ́rẹ́ pupa já wálẹ̀ tí AC sì tutù, fáànù kò lágbára, tàbí kí eruku ilé iṣẹ́, nylon àti òkú kòkòrò ti dí kọ̀ndẹ́ńsà. Omi tí kò le ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹrẹ̀ lára táyà máa ń tẹ irin wẹ́wẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Inú ọkọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Búlówà tó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà tó ga jù nìkan, rẹ̀sísítọ̀ rẹ̀ ló ti jó. Atẹ́gùn tó tutù ṣùgbọ́n tó ń jáde tìkọ̀tìkọ̀, fíltà ni kí wọ́n wò. Ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú èrò ló sábà ń wà, ó sì lè ti kó ewé jọ. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè dúró ní títì Allen kí aláàánú kan má pariwo pé, "Brọ̀dá, ọkọ̀ yín ń jò o!" Ọ̀rinrin tí kọ́ìlì tútù fà nínú afẹ́fẹ́ ni. Ìgbà tí omi náà bá dẹ́kun kíkán tí ilẹ̀ inú ọkọ̀ sì tutù rin ni ọ̀rọ̀ tó wà, ihò rẹ̀ ti dí.

Fáànù tó kú kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ sórí AC. Àìsàn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe: rédíétọ̀ náà nílò atẹ́gùn yẹn. Bí géèjì ooru bá ń gòkè nínú hólọ́ọ̀pù, kí awakọ̀ pa AC, kó sì tan hítà pátápátá. Hítà ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì wá sínú ọkọ̀. Èrò á sọ̀rọ̀ burúkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ burúkú kì í jó gáskẹ́ẹ̀tì. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sọ̀ kalẹ̀, kó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó pa á. Wọn kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, nítorí ìdérí yẹn ló tẹ omi tó ti kọjá ìwọ̀n ìhó mọ́lẹ̀, ojú ẹni tó bá ṣí i ni omi náà yóò sì fò sí. Kúlántì ló yẹ inú rédíétọ̀. Omi ẹ̀rọ lójoojúmọ́ ń bí ìpẹtà. Tẹ́mósítáàtì tí àwọn mẹkáníìkì ń yọ sọnù kì í sì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó máa ń ṣí bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kò ní tètè móoru, yóò máa mu epo sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni fáànù tó kú kò ní tìtorí rẹ̀ jí.

Níkẹyìn, ìdánwò tó yẹ kó ṣáájú owó. Oní-AC a máa fẹ́ wa ọkọ̀ yí po kó lè fi hàn pé iṣẹ́ ti pé. Eré kò lè jẹ́rìí AC, nítorí atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń bo àṣírí fáànù. Kí ọkọ̀ dúró sójú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí AC wà ní títàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí oníṣẹ́ àti oníǹkan sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú wíńdò títì. Bí ara àwọn méjèèjì bá ṣì tutù nígbà tí àkókò bá pé, tí géèjì ooru kò sì kúrò láàárín, ó di kí wọ́n san owó iṣẹ́.