Kí Ni Ẹ Lọ Ṣe Nídìí Òṣèlú? Lẹ́tà sí Dókítà Sànyà Ọnàbámirò

Bàbá wa, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè,

Ẹ kú ìsinmi o. Mowe ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti ń fún èèyàn láyè láti bá ẹni tó ti kú rojọ́.

Ẹjọ́ yín ni mo fẹ́ rò. Onísáyẹ́ǹsì ni yín. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa fi maikirosikóòpù wo Cyclops, kòkòrò tíntìntín inú omi tó ń gbé ọmọ sòbìà kiri. Ẹni tó bá bu omi odò mu láìsẹ́ ẹ á gbé e mì. Ní nǹkan bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á yọjú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá wá ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ara lè tù ú, aràn á tú ọmọ sómi, Cyclops á jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo mọ̀ pé ẹ ò nílò kí n sọ èyí. Àwọn ará Mowe ni mo ń sọ ọ́ fún, torí píọ̀ wọ́tà ti mú wọn gbàgbé sòbìà.

Kí ló wá lé yín kúrò níbẹ̀? Cyclops a máa dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ dígí kí ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Olóṣèlú wo ló dúró bẹ́ẹ̀ fún yín rí? Lọ́dún 1949, ẹ gbé ìwé Why Our Children Die jáde, lórí ohun tó ń pa àwọn ọmọ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A rò pé ẹ máa jókòó jẹ́ẹ́. Àgbẹdọ̀! Ẹ gbé agbádá wọ̀, ẹ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Kí á má sì purọ́, ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn ti gbé kaná ni ẹ bá. Awókọ̀yà, tó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ṣáájú yín, ló gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ lọ́dún 1952, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955, tí iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi lé ní 800,000 lọ́dún yẹn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lòun náà, ọmọ Awà. Kí ló ń ṣe ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì Ìjẹ̀bú gan-an?

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí sòbìà dè mọ́lẹ̀ kò lè rìn dé ilé ìwé, kódà bí wọn ò bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbá ló mú, ọmọ á gba ọkọ́, á lọ rọ́pò rẹ̀ lóko. Omi àti ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni lójú yín. Nígbà tí ìjọba ka àwọn tí sòbìà ń ṣe ní Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn yọ lóṣù kọkànlá 2008, àjọ ìlera àgbáyé sì fún wa níwèé ẹ̀rí lọ́dún 2013. Ẹ kú iṣẹ́.

Ẹ wá wo Mowe wàyí. Ojúlé kan, ilé ìwé kan; orúkọ wọn gùn ju ọgbà wọn lọ, International sì ni gbogbo wọn. Bó bá di oṣù keje, ọmọ ọdún márùn-ún á wọ gáùn, á dé fìlà, wọ́n á ní ó ti gboyè jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi. Òbí á san owó gáùn, owó fọ́tò, owó ìrẹsì. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé èèyàn ń tiraka kó tó di dókítà! Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilé ìwé bí kànga ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó, ẹ ó rí i bí wọn á ṣe yí ọ̀rọ̀ padà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn ọmọ mìíràn wà láàárín ọkọ̀ lójú títì, wọ́n ń ta omi. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 ní dandan ni kí wọ́n wà ní kíláàsì.

Nípa ti yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ìlú yín, ẹ má bínú pé orúkọ yín kọ́ ló ń jẹ́. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1982, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ gómìnà Ọlábísí Ọnàbánjọ lọ́dún 2001. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà dáadáa, Ọnàbá, kí wọ́n tó yà.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ mú maikirosikóòpù dání, ẹ wá sí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù wa. Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ni wọ́n máa ń sọ. Ẹ ní omi àwọn ilé ìwé ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ìdàgbàsókè kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ san án, wọ́n ń fúnni ní rìsíìtì. Mi ò lè bá yín wọlé, ayálégbé ni mí.